Bí A Ṣe Ń Yan Ọ̀nà Ìgbowó Nílé Ìtọ́jú Ọkàn: Ìtọ́sọ́nà fún Àwa Olùgbaninímọ̀ràn ní Ògbómọ̀ṣọ́

Arábìnrin kan ti sọ̀rọ̀ tán ní yàrá mi, ó ti nu ojú, ó ti tún gèlè rẹ̀ wé. Ó mú fóònù jáde láti fi owó ránṣẹ́ sí mi. Ó tẹ nọ́ńbà mẹ́wàá tí mo pè fún un, ó yan báńkì, orúkọ àkáǹtì sì jáde. Ìka rẹ̀ dúró lókè bọ́tìnì. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé orúkọ tó máa wà nínú álẹ́ẹ̀tì nìyí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó yí fóònù náà sí mi kí n wò ó. Nígbà yẹn, orúkọ mi ni mo fi ṣí àkáǹtì, mo sì fi ọ̀rọ̀ méjì kún un tó ń sọ fáráyé pé ọ̀rọ̀ lọ́kọláya ni mò ń bá èèyàn yanjú. Ọkọ obìnrin yìí máa ń yẹ fóònù rẹ̀ wò lálaalẹ́.

Ó pa áàpù náà dé. Ó jáde lọ sọ́dọ̀ onípóòsì kan lọ́nà Tákíè, ó gba owó níbẹ̀, ó padà wá kà á sí mi lọ́wọ́. Ogún ìṣẹ́jú gbáko. Mo jókòó, mo ń wo àga tó ti dìde. Mo ti ti ilẹ̀kùn yàrá mi, mo ti fa kọ́tìnnì sójú fèrèsé, mo ti sọ fún ọmọ tó ń bá mi jókòó síta pé kó má pe orúkọ ẹnikẹ́ni sókè. Àṣé mo fi ẹnu ọ̀nà kan sílẹ̀ gbayawu. (Mo ti yí àwọn nǹkan kan padà nínú ìtàn yìí kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe pẹ̀lú àwọn tó kù tí ẹ óò kà.)

Nínú iṣẹ́ tiwa, owó ń sọ̀rọ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ nínú álẹ́ẹ̀tì, nínú sítétímẹ́ǹtì báńkì, lórí pépà tí ẹ̀rọ POS ń tẹ̀ jáde, lẹ́nu ẹni tó bá ń bá wa gba owó. Ẹni tó fi àṣírí rẹ̀ lé wa lọ́wọ́ kò gbọ́dọ̀ lọ bá àṣírí náà lójú fóònù ẹlòmíràn. Nítorí náà, ìbéèrè tí mo ń fi ṣáájú báyìí ni pé: ta ni yóò rí i? Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó ń béèrè bóyá owó náà máa dé, iye tí wọ́n máa yọ níbẹ̀, àti bóyá oníbàárà mi mọ ọ̀nà náà lò. Bí mo ṣe to ìtọ́sọ́nà yìí náà nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ wo bí àwọn èèyàn yín ṣe ń ná owó

Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ ogún owó tó wọlé sí yín kẹ́yìn sílẹ̀: bí wọ́n ṣe san án, ẹni tó san án gan-an, àti wàhálà tó bá rọ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ kò bá tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta oògùn tàbí ẹni tó ń ṣe irun ládùúgbò tí ẹ fẹ́ gbà sí. Àwọn oníbàárà kan náà ni ẹ jọ máa ní.

Nígbà tí mo ṣe é, ohun tó yé mi ni pé ìlú yìí kò ní irú oníbàárà kan ṣoṣo. Ọmọ LAUTECH tó ń gbé ní Under G kò mọ̀ ju tiránsífà lọ, owó pépà kì í sí lápò rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó inú àkáǹtì yẹn lè jẹ́ èyí tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìyá yẹn sì lè béèrè ohun tó fi ṣe. Nọ́ọ̀sì tàbí olùkọ́ tó ń gba owó oṣù máa ń san án wẹ́rẹ́ níparí oṣù, àmọ́ tó bá ti di ọ̀sẹ̀ kẹta, ara á ti ni ín. Ìyá tó ń tajà ní Ọjà Igbó tàbí ní Sábó ń rí owó ọwọ́ lójoojúmọ́, owó ọ̀hún sì lè ti wà nínú àpò ìdí rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Àgbẹ̀ tó ní oko kaṣú, ìgbà kaṣú lowó rẹ̀ ń wọlé, lẹ́yìn rẹ̀ ó di ọdún tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ni bàbá tó ti fẹ̀yìn tì, tí ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun ń sanwó fún un.

Ọ̀nà kan kò lè gba gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣí ọ̀nà mẹ́fà, torí ẹ ò ní lè mójú tó o. Méjì tó lágbára, àti ìkẹta fún àwọn tó wà lókèèrè, ti tó ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: orúkọ tó máa jáde

Kí ẹ tó yan báńkì, ẹ yan orúkọ. Ẹ fi orúkọ òwò sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n bá fún yín, BVN yín, NIN yín àti ìwé tó ń fi àdírẹ́sì hàn, ìwọ̀nyí ni báńkì máa kọ́kọ́ bi yín kí wọ́n tó ṣí àkáǹtì òwò fún yín. Orúkọ tí ẹ bá fi ṣí i ni ẹnikẹ́ni tó bá tẹ nọ́ńbà yín máa rí kó tó fi owó ránṣẹ́, torí ètò ìfowóránṣẹ́ tí gbogbo báńkì jọ ń lò, tí NIBSS ń bójú tó, máa ń pe orúkọ oní-àkáǹtì jáde kí owó tó kúrò. Òun náà ló máa jókòó sínú sítétímẹ́ǹtì oníbàárà, tí kò sì ní kúrò níbẹ̀.

Torí náà, ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà sọ àìsàn, ìgbéyàwó, oògùn olóró, ìbànújẹ́ tàbí ọpọlọ. Orúkọ ìdílé yín pẹ̀lú "Consult" tàbí "Services" ti tó. Akẹgbẹ́ mi kan bá mi jiyàn lórí èyí. Ó ní orúkọ tó bá sọ iṣẹ́ ló ń mú oníbàárà wá. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, kó kọ ọ́ sórí Facebook, kó kọ ọ́ sórí káàdì tó ń pín. Àkáǹtì kì í ṣe ibi ìpolówó.

Ẹ má sì lo àkáǹtì tí ẹ fi ń ra ẹran àti epo nílé. Mo mọ̀ pé ó rọrùn, èmi náà lò ó fún ìgbà pípẹ́. Ohun tó jẹ́ kí n jáwọ́ ni pé mo fẹ́ yá owó díẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan, wọ́n ní kí n mú sítétímẹ́ǹtì oṣù mẹ́fà wá. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí mo ṣe ń ṣí i lọ, orúkọ àwọn oníbàárà mi ló kún inú rẹ̀ bámúbámú, orúkọ àti ọjọ́ tí wọ́n wá. Ọ̀kan nínú wọn sì ń ṣe ọmọ ẹgbẹ́ náà. Mo dá ìwé ọ̀hún padà sínú àpò, mi ò yá owó náà mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo lọ ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀.

Ohun kejì ni ọ̀rọ̀ tí oníbàárà ń kọ sí àyè tí wọ́n ti ń béèrè ìdí tí owó fi lọ. Àwọn èèyàn máa ń kọ òótọ́ síbẹ̀ láìrò ó. Mo ti rí "fún ọ̀rọ̀ ọkọ mi". Mo ti rí èyí tó kọ orúkọ oògùn tí dókítà fún un. Ọ̀rọ̀ yẹn máa hàn lọ́dọ̀ yín, ó máa hàn lọ́dọ̀ tiwọn. Ẹ sọ fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé kí wọ́n fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo, tàbí kí wọ́n kọ àmì tí ẹ fún wọn síbẹ̀, bíi T14. Mo máa padà sórí àmì yìí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ gbé àwọn ọ̀nà náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan

Ká ní 15,000 náírà lẹ ń gbà fún ìjókòó kan, ká fi ṣe àpẹẹrẹ.

*Tiránsífà.* Òun ni ọ̀pọ̀ máa lò. Láti ọdún 2020 ni báńkì àpapọ̀ CBN ti là á sílẹ̀ pé 10 náírà ni báńkì lè gbà lórí owó tí kò ju 5,000 lọ, 25 náírà lórí èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ títí dé 50,000, àti 50 náírà lórí èyí tó bá ju 50,000 lọ, pẹ̀lú VAT 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó ìfiránṣẹ́ náà. Oníbàárà yín máa san 25 náírà àti nǹkan bíi náírà méjì. 50 náírà ti ìjọba sì wà lórí owó tó bá ti tó 10,000. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó gba owó ni wọ́n ń yọ 50 yìí lọ́wọ́ rẹ̀. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026, lábẹ́ òfin owó orí tuntun, ẹni tó ń fi ránṣẹ́ ló ń san án. Bí iye tí ẹ ń gbà bá wà ní àyíká 10,000, 9,500 ò ní mú 50 yẹn wá rárá. Fún ọmọ ilé-ìwé, kò kéré.

Àléébù tiránsífà ni pé ó ń fi ipa sílẹ̀ lápá méjèèjì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì lè ṣe bó ṣe wù ú. Àléébù kejì tó jẹ́ ti ìlú wa: ọ̀pọ̀ ìyá ni kì í fi fóònù tiwọn ránṣẹ́. Wọ́n á gbé owó pépà lọ bá onípóòsì, onípóòsì á fi ránṣẹ́ láti àkáǹtì tirẹ̀. Lójú fóònù yín, orúkọ ìsọ̀ onípóòsì lẹ máa rí. Bí ìyá mẹ́ta bá san owó kan náà láti ọ̀dọ̀ onípóòsì kan náà, ẹ ò ní mọ ti ta nìyí àfi tí àmì bá wà níbẹ̀. Onípóòsì náà á sì ti rí orúkọ tí owó lọ bá. Ògiri létí, onípóòsì tó jókòó sábẹ́ agbòjò lẹ́nu ọ̀nà àdúgbò ní etí méjì tirẹ̀. Ìdí mìíràn nìyẹn tí orúkọ àkáǹtì kò fi gbọ́dọ̀ tú àṣírí.

*Owó ọwọ́.* Àwọn ọ̀dọ́ lè rò pé ayé ti kọjá ibẹ̀. Mi ò gbà. Owó ọwọ́ nìkan ló wà tí kò fi ohunkóhun sílẹ̀ nínú fóònù oníbàárà, fún obìnrin tí mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn sì ni, òun ni ààbò. Ẹni tí wọ́n ń ṣọ́ nílé, ẹni tó ń wá ọ̀nà àtijáde kúrò lábẹ́ ẹni tó ń lù ú, ẹ má sọ fún un pé tiránsífà nìkan lẹ ń gbà.

Ẹ ṣe é bó ṣe yẹ ká ṣe é. Ẹ ka owó náà lójú rẹ̀, kí òun náà kà á. Ẹ ní 200 àti 500 nílé fún ṣéńjì. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé lójú ẹsẹ̀, torí owó tí a kò kọ kì í pẹ́ dàrú mọ́ owó ọbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó sùn nínú dúrọ́ọ̀. Ẹ kó o lọ sí báńkì lọ́jọ́ kejì. Bí oníbàárà bá fẹ́ gba owó lọ́dọ̀ onípóòsì, ẹ ní kó gbà á ládùúgbò ibòmíràn kó tó máa bọ̀, kó má ṣe gbà á lẹ́nu géètì yín.

Ẹ rántí 2023. Nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ 200, 500 àti 1,000 náírà lóṣù kejì ọdún yẹn, owó pépà di ohun tí à ń tò fún láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Gbogbo ayé wá dà sórí tiránsífà, òun náà sì kọṣẹ́. Owó á kúrò lọ́dọ̀ ẹnì kan, kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ni ilé ẹjọ́ tó ga jù tó ní kí wọ́n ṣì máa ná owó àtijọ́ títí di ìparí ọdún náà. Lásìkò yẹn, ìyá kan gbé iṣu mẹ́rin wá fún mi dípò owó. Ojú rẹ̀ kò gbé ilẹ̀. Mi ò gbà á, kò sì rọrùn fún mi láti kọ̀ ọ́, torí nílẹ̀ wa, ẹni tó kọ iṣu àgbà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ àgbà náà. Mo kúnlẹ̀, mo sọ fún un pé tí mo bá gba iṣu lónìí, lọ́la a ò ní mọ̀ bóyá oníbàárà àti olùtọ́jú ni wá tàbí ọ̀rẹ́ tó ń ṣe ara wọn lóore, àti pé ìtọ́jú rẹ̀ ló máa fara gbá a. Mo kọ owó náà sílẹ̀ fún un, ó san án nígbà tí ìlú rọ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀nà méjì tó ń ṣiṣẹ́ ni irú àkókò bẹ́ẹ̀ kì í dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró.

*Ẹ̀rọ POS tiyín.* Ìdajì náírà nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ lọ́wọ́ oníṣòwò, kì í sì í kọjá 1,000 náírà. Lórí 15,000, 75 náírà ni. Kò wọ́n. Àmọ́ ó ń jẹ iná, ó ń jẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó sì ń tẹ pépà tí orúkọ yín wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé kan, tí ẹnì kan sì ń jókòó síta láti gba owó, ẹ gbà á. Èmi nìkan ni mò ń ṣiṣẹ́, mi ò ní i.

*Líǹkì ìsanwó.* Ẹ fi líǹkì ránṣẹ́ lórí WhatsApp, oníbàárà á fi káàdì tàbí tiránsífà san án lórí rẹ̀. Paystack, bí àpẹẹrẹ, ń gba 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún pẹ̀lú 100 náírà. Àròpọ̀ rẹ̀ kì í ju 2,000 lọ, wọn kì í sì í gba 100 yẹn lórí owó tí kò tó 2,500. Lórí 15,000, 325 náírà máa lọ, 14,675 máa dé àkáǹtì yín lọ́jọ́ iṣẹ́ kejì. Ìnira ńlá tó ń gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé kì í jẹ́ kí n máa wá owó kiri: ẹni tó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù láti Ìlọrin tàbí Ìbàdàn máa sanwó kí a tó bẹ̀rẹ̀, rìsíìtì á sì dé ímeèlì rẹ̀. Ẹ ṣọ́ ímeèlì yẹn. Ẹ béèrè bóyá òun nìkan ló ń ṣí i. Àkọlé tí ẹ bá kọ sórí líǹkì náà, òfin orúkọ àkáǹtì ló ń tẹ̀ lé.

Fún káàdì ti òkè òkun, 3.9 nínú ọgọ́rùn-ún pẹ̀lú 100 náírà ni. Lórí 15,000, 685 ti lọ. Ẹ jẹ́ kí iye tí ẹ ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó wà lókèèrè gbé owó yìí ru, kí ẹ sì sọ fún wọn ṣáájú.

*Kóòdù báńkì lórí fóònù kékeré.* Ó wà fún ẹni tí kò ní dátà: *894# fún First Bank, *737# fún GTBank, báńkì kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ìkìlọ̀ kan péré ni mo ní níbí. Bàbá tàbí ìyá àgbà máa gbé fóònù lé yín lọ́wọ́, wọ́n á ní "bá mi tẹ̀ ẹ́, ọmọ mi," wọ́n á sì pe nọ́ńbà àṣírí wọn sókè kí ẹ tó dá wọn dúró. Ẹ má gbà á. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì dá fóònù padà, kí ẹ ní kí wọ́n mú owó ọwọ́ wá nígbà mìíràn. Bí owó wọn bá sọnù lóṣù mẹ́ta sí i, ẹ ò fẹ́ kí wọ́n máa ro ìgbà tí nọ́ńbà náà wà lẹ́nu yín.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìgbà tí ẹ óò gbà á

Fún ọdún mélòó kan, ẹ̀yìn ìjókòó ni mo ń gba owó. Kò dáa. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ohun tí kò sọ fún ìyá tó bí i rí, kò yẹ kó tún máa wá nọ́ńbà àkáǹtì kiri. Ojú a sì máa ti èmi náà, màá ní, "ẹ má ṣèyọnu, tí ẹ bá délé kí ẹ fi ránṣẹ́." Àwọn kan fi ránṣẹ́. Àwọn kan gbàgbé, ìtìjú ìgbàgbé yẹn kò sì jẹ́ kí wọ́n padà wá. Èyí ló dùn mí jù. Ẹni tó ṣì nílò ìtọ́jú sá fún mi nítorí gbèsè tí àìlè-sọ̀rọ̀ tèmi dá sílẹ̀.

Báyìí, ṣáájú ìjókòó ni. Ẹni tuntun máa san ìdajì kí n tó mú ọjọ́ fún un, á san ìyókù kó tó wọlé. Ẹni tó ti ń bọ̀ tẹ́lẹ̀ máa san án ní alẹ́ tó ṣáájú. Ẹni tó bá da omi síwájú, ilẹ̀ tútù ni yóò tẹ̀; nígbà tí a bá jókòó, ọ̀rọ̀ tó gbé e wá nìkan ló máa wà nílẹ̀. Ẹni tó bá pè mí ní wákàtí mẹ́rìnlélógún ṣáájú pé òun ò lè wá, owó rẹ̀ wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ mìíràn. Ẹni tí kò bá pè máa pàdánù ìdajì. Ìsìnkú, àìsàn, ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná lóru, mi ò ka ìyẹn mọ́ ọn.

Bí a ṣe ń sọ ọ́ fún àgbà ló nira. Ohun tí mò ń sọ nìyí, mo ti sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi wọ̀ mí lẹ́nu mọ́: "Ẹ kú ìrìn, mà. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ owó, kí ọkàn yín lè balẹ̀ sórí ohun tí ẹ bá wá. Ọwọ́ lẹ fẹ́ fi san án ni, àbí fóònù? Fóònù ta ni ẹ máa lò, ta ló sì tún ń wò ó?" Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ má fò ó. Nígbà míì, ìdáhùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé fún yín.

Àwọn tí kò ní ńkọ́? Mo fi àyè méjì sílẹ̀ lọ́sẹ̀ fún owó kékeré. Mo mọ iye rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé, nítorí tí mo bá dúró dìgbà tí mo bá rí ojú wọn, ẹni tó mọ ẹkún sun jù ni màá dín in fún, ẹni tó gbé tirẹ̀ sínú á sì san án pé. Àwìn kì í kọjá ìjókòó kan.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ rí i dájú pé owó dé

Ẹ má gbà álẹ́ẹ̀tì tó wọlé bí àtẹ̀jíṣẹ́ gbọ́ láìwò ó. Ayédèrú álẹ́ẹ̀tì pọ̀ nígboro, àwòrán rìsíìtì sì rọrùn láti ṣe lórí fóònù. Ẹ ṣí áàpù báńkì yín, kí ẹ rí owó náà nínú iye tó wà nílẹ̀. Oníbàárà yín lè jẹ́ olóòótọ́ gan-an. Ẹ̀ẹ̀kan rí ni ìbínú ti wá nítorí pé mo wò ó, àlàyé díẹ̀ ni mo fi parí rẹ̀.

Bí owó bá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ tí kò dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má ní kó san án lẹ́ẹ̀kejì lójú ẹsẹ̀. Lórí rìsíìtì tiránsífà náà, nọ́ńbà gígùn kan wà tí wọ́n ń pè ní session ID, ọgbọ̀n nọ́ńbà ni. Òun ni báńkì tó fi owó ránṣẹ́ máa fi tọpa rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ ṣe ìjókòó yín, kí oníbàárà gbé nọ́ńbà náà lọ bá báńkì tirẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, owó náà á dé tàbí kó padà sápò rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìwé àkọsílẹ̀ àti rìsíìtì

Ìwé méjì ni mo ní. Ọ̀kan jẹ́ ti owó: ọjọ́, àmì, iye, ọ̀nà tó gbà wọlé. Kò sí orúkọ nínú rẹ̀. Èkejì ló sọ ẹni tí T14 jẹ́, inú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ ló ń gbé, kò sì sí lórí fóònù. Bí ẹni tó ń bá mi ṣírò owó orí bá dé, ìwé àkọ́kọ́ nìkan ló ń rí. Òfin ààbò dátà tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera èèyàn mọ́ ohun tó gbẹgẹ́ jù, torí náà ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àṣejù lèyí.

Rìsíìtì mi ń sọ ọjọ́, iye, àti "owó iṣẹ́". Kò sọ irú iṣẹ́. Owó orí ti ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ la ń san án fún. Àkáǹtì ọ̀tọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló máa jẹ́ kí ìṣirò rẹ̀ rọrùn.

Nígbà tí ẹlòmíràn ń sanwó

Ọmọ tó wà ní Kánádà fi owó ìjókòó mẹ́rin ránṣẹ́ fún ìyá rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó pè mí lóru: "Àǹtí, kí ni màámi ń sọ? Ṣé wọ́n dárúkọ mi?" Ìfẹ́ ló fi béèrè, mo mọ̀. Ó sì gbà tọkàntọkàn pé owó tí òun san fún òun lẹ́tọ̀ọ́ láti gbọ́.

Ẹ yanjú èyí kí owó tó wọlé. Mo máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sanwó fún ẹlòmíràn, ìbáà jẹ́ ọmọ, pásítọ̀, tàbí ọ̀gá ibi iṣẹ́: "Ẹ ṣeun tí ẹ dúró tì wọ́n. Màá máa sọ iye ìjókòó tí owó yín ti san fún yín, àti iye tó kù. Ohun tí a bá sọ nínú yàrá, ti màámi ni; tí wọ́n bá fẹ́ kí ẹ gbọ́, àwọn fúnra wọn ló máa sọ ọ́ fún yín. Tí èyí bá tẹ́ yín lọ́rùn, mo máa fi líǹkì ránṣẹ́." Ọ̀pọ̀ ń gbà. Ẹnì kan bínú, kò sanwó mọ́; ìyá rẹ̀ ń fi owó àkàrà tó ń tà wá, ó ń bọ́ sínú àyè owó kékeré.

Ti ètò adójútòfò, mi ò tíì wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ kó kọ́kọ́ béèrè irú àkọsílẹ̀ tí wọ́n máa gbà lórí oníbàárà, kí ó sì sọ ọ́ fún oníbàárà náà kó tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ dán gbogbo rẹ̀ wò bí ẹni tó ń bọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ yá fóònù ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ yín, kí ẹ fi 100 náírà ránṣẹ́ láti ibẹ̀ sí àkáǹtì tuntun náà, kí ẹ san 100 míì lórí líǹkì. Ẹ ka orúkọ tó jáde kí owó tó lọ. Ẹ ka álẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣí ímeèlì tó ń bọ̀ láti orí líǹkì, kí ẹ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èmi lo fóònù àǹtí kan tó ń ta aṣọ nítòsí wa. Ó wo álẹ́ẹ̀tì náà, ó tún un wò, ó bi mí pé irú iṣẹ́ wo lẹni tí òun fi owó ránṣẹ́ sí yìí ń ṣe. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni mo kọ nọ́ńbà àkáǹtì náà sórí páálí, mo gbé e lé orí tábìlì.